Lẹ́tà Sí Ọ̀rẹ́ Mi: Má Tíì Pààrọ̀ Sítétọ̀ Yẹn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ pé àlàáfíà lo wà, pé ara àwọn ará ilé náà le. Èmi náà wà dáadáa. Ìkíni tó kù, a ó kí ara wa tán tí a bá fojú kanra. Ọ̀rọ̀ alùpùpù rẹ ni mo fẹ́ yára bá ọ sọ kí o tó tún náwó.

O ní o ti ra bátìrì tuntun, o ti ra rẹ́gúlétọ̀ tó ń ṣètò iná tó ń wọ bátìrì, o ti ra kọ́ìlì méjèèjì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, síbẹ̀ Honda CB350 náà ṣì ń kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, tó bá sì ṣe díẹ̀, á tún dìde fúnra rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Báyìí, o ń bi mí bóyá kí o pààrọ̀ sítétọ̀, ohun tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì. Rárá o! Má tíì pààrọ̀ ohunkóhun mọ́. Ètè lo fi sílẹ̀ tí ò ń pa lápálápá.

Láàárín ọdún 1968 sí 1973 ni wọ́n ṣe CB350 oníṣílíńdà méjì yẹn. Èyí tó jẹ́ àbúrò pátápátá nínú wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bàbà tó wà nínú kọ́ìlì àti sítétọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ darúgbó. Ibi tí wáyà ti pàdé wáyà ló ń darúgbó: ẹnu wáyà tí omi ti wọ̀ títí tó fi yọ àwọ̀ ewé, orí fíúsì tí kò lágbára àtidi nǹkan mú mọ́, súìṣì kọ́kọ́rọ́ tí inú rẹ̀ ti dúdú, bóòtù áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) tí ọ̀dà wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ò ní sọ èyí fún ọ. Èrè mélòó ló wà lórí sáńpépà?

Kí o tó mú mítà tí a fi ń wọn iná jáde, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o dáhùn: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ṣé fèrè ṣì ń ké? O ò sọ ìyẹn nínú lẹ́tà rẹ, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí o kọ lọ. Tó bá tún kú, rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, má yí kọ́kọ́rọ́ padà, má mi nǹkan kan. Tẹ fèrè. Tẹ bíréèkì kí o wo iná ẹ̀yìn. Tí gbogbo wọn bá dákẹ́ pọ̀, a jẹ́ pé iná ò tiẹ̀ ráyè jáde lọ́dọ̀ bátìrì: orí bátìrì ni, tàbí áàtì rẹ̀, tàbí fíúsì, tàbí súìṣì kọ́kọ́rọ́. Àwọn mẹ́rin yẹn nìkan ni kí o yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n tí fèrè bá ń ké gan-an tí ẹ́ńjìnnì sì kú, nígbà náà la ó wá lọ fura sí súìṣì tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì, tí tìrẹ bá ní in, àti kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì (ẹnu irin tó ń pa dé tó sì ń là kí kọ́ìlì lè ta iná) àti kọ́ńdẹ́ńsà tó ń dáàbò bo ẹnu náà.

Kí o sì rántí pé sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kọ́ìlì kan ló kú, alùpùpù náà á máa fi ẹsẹ̀ kan tiro, á máa gbọ̀n, á máa tú èéfín, ṣùgbọ́n kò ní kú fin-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Kí kọ́ìlì méjèèjì wá gbà láti kú ní ìṣẹ́jú kan náà, kí wọ́n tún jọ jí ní ìṣẹ́jú kan náà? Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ló ń ṣe wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á pé o ra kọ́ìlì. Má bínú.

Ó yá, mú mítà. Kọ́kọ́ wọn bátìrì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sinmi mọ́jú: tó bá kún, ó yẹ kó tó fóòtì (ìwọ̀n agbára iná) 12.6 tàbí kó lé díẹ̀. Tó bá jẹ́ 12 géérégé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó. Gbé e sí chájì kí o tó ṣe ohunkóhun, torí pé bátìrì tí ebi ń pa á fi ọ̀nà hàn ọ́ ní òdìkejì.

Ìwádìí tó kàn ló ń yanjú ọ̀pọ̀ jù nínú irú ẹjọ́ yìí, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe. Gbé mítà sí fóòtì DC, irú iná tó ń ti bátìrì wá. Yí kọ́kọ́rọ́, tan iná iwájú, ṣùgbọ́n má ta ẹ́ńjìnnì. Ṣí ìdérí kọ́ńtáàtì kí o rí i pé, ó kéré tán, ẹnu ọ̀kan pa dé. Tí méjèèjì bá là sílẹ̀, kọ́ìlì ò ní fa iná kankan, ohun tí mítà bá sọ ò sì ní ṣeé gbà gbọ́. Má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kọ́ìlì á gbóná. Fi ọwọ́ pupa mítà sórí pósítíìfù bátìrì, fi ọwọ́ dúdú kan ibi tí wáyà dúdú, tàbí dúdú onílà funfun, ti ń gbé iná wọ kọ́ìlì. Mo mọ̀ pé ó máa ṣe ọ́ bákan pé ọwọ́ mítà méjèèjì wà lójú pósítíìfù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Nọ́ńbà tí o bá rí ni iye fóòtì tó ti jábọ́ lójú ọ̀nà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì.

Tó bá jẹ́ 0.2 tàbí 0.3, kò burú. Tó bá ti ń lọ sí 1, ẹlẹ́ṣẹ̀ ti wà nítòsí. Mo ti rí èyí tó lé ní 2 rí lórí alùpùpù tí ẹnikẹ́ni ò fọ súìṣì rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bátìrì gbé 12.6 sílẹ̀, 10 ló dé ọwọ́ kọ́ìlì, olówó ẹ̀ wá ń ra kọ́ìlì.

Wàyí o, má gbé ọwọ́ pupa kúrò lórí bátìrì. Máa sún ọwọ́ dúdú padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà tí iná gbà wá: ẹnu wáyà tó jáde nínú súìṣì kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn náà èyí tó wọlé sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ fíúsì tó jìnnà, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ fíúsì tó sún mọ́ bátìrì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti já wálẹ̀ lójijì, ohun tó wà láàárín ibi méjèèjì yẹn ni kí o tú.

Ẹnì kan gbé irú tìrẹ wá bá mi láìpẹ́ yìí. Nígbà tí mo fi ọwọ́ mítà kan ẹ̀gbẹ́ fíúsì méjèèjì, 0.9 ni mo rí láàárín nǹkan tí kò gùn tó ìka mi. Fíúsì gíláàsì náà dúró digbí, tíńrín inú rẹ̀ kò já, olówó rẹ̀ sì ti wò ó lẹ́yìn wò ó níwájú, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n idẹ tó dì í mú ti pọ́n bí ẹní yan án, nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Mo fi ìka ti fíúsì náà, iná iwájú ṣẹ́jú. Ibi tó yẹ kó fún mọ́ fíúsì ti là. Tó bá ti gbóná, á tún là sí i, iná á lọ. Tó bá tutù, á súnra kì, iná á dé. Ṣé o rí i pé ó jọ ohun tí o ròyìn fún mi? Ilé fíúsì tuntun la fi sí i, èyí tó ń lo fíúsì pẹlẹbẹ ti ọkọ̀ òde òní, 15 ámípù bíi ti àtijọ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kí o fi 30 sí i kó má baà máa jó. Wáyà ló máa jó dípò rẹ̀.

O kọ ọ́ pé rìwáyà tó bá ọ wò ó ti fi mítà tó ń han fíìn wo gbogbo wáyà, gbogbo wọn sì han. Ìwádìí yẹn ò tó. Iná tí mítà fi ń wo wáyà kéré débi pé fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tó kù tó o. Okùn tó ti já tó ku fọ́nrán kan lè fa ìwé, àmọ́ kò lè fa garawa omi. Ìgbà tí kọ́ìlì àti iná iwájú bá ń fa agbára gba inú wáyà yẹn nìkan ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Pàápàá jù lọ, wo ìdí wáyà tó gba abẹ́ orí alùpùpù kọjá, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí sọ́tùn-ún sósì: wáyà á ti já nínú, rọ́bà rẹ̀ á ṣì wà lódidi. Jẹ́ kí ẹnì kan máa yí ọwọ́ alùpùpù nígbà tí ojú rẹ wà lára mítà.

Áàtì náà ńkọ́? O ní ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kun gbogbo egungun rẹ̀, irin tó gbé alùpùpù náà dúró, lọ́dà tuntun. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í gbé iná. Fi ọwọ́ dúdú sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, fi pupa gún ara ẹ́ńjìnnì níbi tí irin ti hàn, kí o wá tẹ sítátà. Kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 0.3 lọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún egungun pẹ̀lú iná iwájú ní títàn. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tú bóòtù áàtì, họ ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ títí irin á fi dán, fi gíríìsì díẹ̀ bo ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti dì í padà.

Ní ti iná iwájú tó ń ṣe bàìbàì nígbà tí o bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń sáré jẹ́jẹ́, fi ọkàn balẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Alùpùpù yìí kì í pèsè iná tó ohun tó ń jẹ nígbà tó bá dúró. Bátìrì ló ń bá a gbé e. Wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa, bí ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan lórí aago rẹ̀. Tó bá gòkè kọjá 13.5 tí kò sì ju 14.5 lọ, sítétọ̀ rẹ kò ní ẹ̀sùn. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò mọ̀: lórí CB350, súìṣì iná iwájú kò wulẹ̀ tan gílóòbù nìkan. Bí o bá tan iná, ó tún ń mú apá sítétọ̀ tó ń sinmi wọ iṣẹ́. Tí inú súìṣì yẹn bá dọ̀tí, iná iwájú á máa jẹ bátìrì, kò sì ní sí ohun tó ń dá a padà. Torí náà, wọn án pẹ̀lú iná ní pípa, kí o tún wọn án pẹ̀lú iná ní títàn.

Tó bá ṣẹlẹ̀ pé fíúsì ń jó, má jókòó máa fi òmíràn rọ́pò. Yọ ọ́, kí o so gílóòbù bíréèkì kan, 21 wáàtì, sí àyè rẹ̀. Tó bá tàn yòò, wáyà kan ti fara kan irin níbì kan. Gílóòbù náà á gba ìyà náà jẹ, wáyà ò sì ní jó. Máa yọ ẹnu wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí gílóòbù á fi ṣókùnkùn. Tó bá ń tàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní pípa, wo rẹ́tífáyà, ohun tó ń yí iná sítétọ̀ padà sí irú tí bátìrì ń gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ ra Triumph (alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) àwọn ọdún 1960, bá mi kí wọn, kí o sì kìlọ̀ fún wọn: pósítíìfù ni áàtì lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wáyà pupa ni wọ́n fi ń so áàtì níbẹ̀, òdìkejì gbogbo ohun tí ojú wa ti mọ́ lára Honda, tó jẹ́ pé pupa ló ń ti bátìrì wá, tí àwọ̀ ewé sì jẹ́ áàtì. Bí wọ́n bá so bátìrì náà bí a ṣe ń so tiwa, rẹ́tífáyà lè bá a lọ. Àní lára Honda àti Yamaha, àwọ̀ ò bára mu: wáyà dúdú Honda ń gbé iná, ti Yamaha jẹ́ áàtì. Kí wọ́n wá ìwé àwòrán wáyà ti ọdún tí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n bá rà gan-an, kì í ṣe ti ọdún tó jọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, áàtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú lórí bátìrì, ibi yòówù kó wà.

Nígbà tí o bá ń kọ̀wé padà, kọ nọ́ńbà márùn-ún tí o bá rí lójú ọ̀nà láti kọ́ìlì dé bátìrì ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ bóyá fèrè ké. Tún wo abẹ́ àga dáadáa: ṣé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi wáyà tirẹ̀ kún un, fún fèrè ńlá tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Tí o bá rí èyí tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n wé ní téèpù, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kódà ṣáájú fíúsì.

Mo ń retí èsì rẹ.

Tìrẹ ní tòótọ́,
Ọ̀rẹ́ rẹ