Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: ọ̀rọ̀ Gómìnà

Ọ̀nà Ìgbógbó,
Ìkòròdú.
Alẹ́ ọjọ́ Ajé.

Àdùkẹ́ mi,

Kú òtútù Kánádà o. Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn: kí ló dé tí Àbẹ̀kẹ́ ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà, tí a sì ríra lójú fídíò lọ́jọ́ Ẹtì? Fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Màmá rẹ wà ní àlàáfíà, wọ́n wá kí mi ní Sátidé, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n ní mo ti rù, wọ́n gba owó ọkọ̀, wọ́n lọ. Ìyá Ìbejì ìsàlẹ̀ ti bímọ, ọkùnrin, ẹyọ kan ṣoṣo lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun dúpẹ́. Láńlọ́ọ̀dù ti fi kún owó ilé. Wọ́n tún tàǹsífọ́mà wa ṣe, ó tún ti bàjẹ́. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ Gómìnà, ológbò rẹ, ló kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó o ní kí n kọjú fóònù sí i kí o rí i, tí mo ní ó ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó o rẹ́rìn-ín pé ọ̀lẹ ni ọmọ rẹ, irọ́ ni mo pa fún ọ. Kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí nínú ilé rárá. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti jáde, òní ló pé ọjọ́ márùn-ún. Mo rò pé màá rí i kó o tó mọ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ náà lè di ohun tí a ó jọ máa fi rẹ́rìn-ín tó bá yá. Kò tíì di ẹ̀rín.

Jọ̀ọ́, má tíì pè mí. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ẹkún ni màá bú sí, Láńlọ́ọ̀dù á sì rò pé owó ilé ni mò ń sunkún sí.

Bó ṣe rí nìyí. Nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ya, ẹ̀fọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ, ni mo bá pe káfíńtà. Ó dé, ó tú nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó ní òun ń lọ ra ìṣó. Bóyá Ṣágámù ló ti lọ rà á ni o, torí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tó padà. Kó tó dé, ẹni tí à ń wí ti rìn. Ìwọ náà mọ Gómìnà. Ọdún 2020 lo gbé e wá nínú páálí Indomie, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa jókòó sílé nítorí Kòrónà, òun náà sì gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí kì í ṣe táìlì rí. Ológbò tó ń sá fún aáyán! Ta ni yóò rò pé ó máa jáde?

Mo kọ́kọ́ wá a bí ẹni ń wá ewúrẹ́. Mo bọ́ síta, mo ń pariwo, "Gómìnà! Gómìnà o!" Àdùkẹ́, orúkọ tó o sọ ẹran yìí ti sọ mí di aláwàdà àdúgbò. Ọkùnrin kan tó jókòó sí ìsọ̀ fọ́kánáísà ní, "Àǹtí, Gómìnà ò sí níbí o, Aláúsá ni kẹ́ ẹ wá wọn lọ." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi pè é, kí n tó dé ìkóríta wọ́n ti di méje, a wá dà bí àwọn tó ń polówó ìbò. Bàbá kan tilẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n béèrè pé èló là ń pín.

Ọjọ́ kejì, mo wo gọ́tà, mo wo abẹ́ gbogbo mọ́tò tó dẹnu kọlẹ̀ níwájú mẹkáníìkì, aṣọ mi kún fún ọ́ìlì. Ìyá Alákàrà wá ní ẹnì kan rí ológbò dúdú aláyà funfun ní Sábó, nídìí àwọn ẹlẹ́ja. Ọbẹ̀ wà lórí iná o! Mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo débẹ̀, lóòótọ́, dúdú aláyà funfun ni, ó jókòó bí ìyálọ́jà láàárín ẹja ṣàwá. Mo gbé e mọ́ra, mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ni mo bá rí i pé inú rẹ̀ le, ó rí róbótó. Oyún ni. Ẹlẹ́ja ní, "Mọ̀dámú, ẹ gbé ológbò mi sílẹ̀." Ojú tì mí débi pé mo ra ẹja ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí mi ò fẹ́ rà. Ọbẹ̀ náà jóná, mo kàn fẹ́ kó o mọ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Mo ti rò pé òwe lásán ni, pàápàá fún Gómìnà tí kò pa èkúté kan rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ kẹta péré, wọ́n ti lu àpò gààrí mi. Òórùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí, àwọn náà ò mọ̀ pé ọ̀lẹ ni.

Màá sọ nǹkan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí Màmá lọ, mo yà ní ìsọ̀ ọlọ́tí tó wà ní ìkóríta, mo ní málítì ni mo fẹ́. Ojú ìkòkò pẹ́pẹ́súùpù wọn ni mò ń wò. Wọ́n ní ewúrẹ́ ni. Mo wo egungun inú abọ́ ẹni tó jókòó níwájú mi títí tí ọkùnrin náà fi rò pé mo gba tiẹ̀, ló bá ní kí n wá jókòó. Mo sáré jáde, mi ò gba ṣéńjì mi.

Àbúrò mi ló bá mi wá nọ́ńbà dókítà ẹran. Dókítà yẹn gbọ́ àlàyé mi tán, ó ní òdì ni mò ń ṣe é. Ológbò tí kì í jáde kì í lọ jìnnà bó bá jáde. Ihò tó bá kọ́kọ́ rí ló máa wọ̀, láàárín ilé méjì sí mẹ́ta síra, ẹ̀rù á sì pa á lẹ́nu mọ́, kódà bí ẹni tó mọ̀ bá ń pè é nítòsí. Ariwo mi àti àwọn ọmọ méje yẹn, ṣe ni wọ́n ń lé e wọnú sí i. Ó ní kí n dúró di òru tí àdúgbò bá ti pa rọ́rọ́, kí n gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara mi, kí n máa tàn án wo abẹ́ nǹkan gbogbo, torí ẹyinjú ológbò máa ń dá iná padà. Bí mo bá rí i, kí n má lé e, kí n jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó wá béèrè bóyá ó sanra. Mo ní ikùn rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ológbò tó sanra kò gbọdọ̀ pẹ́ láìjẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́. Láti ìgbà yẹn oorun ò kun ojú mi.

Obìnrin ilé kejì (o mọ ẹni tí mò ń sọ, onígèlè ńlá) pè mí sí kọ̀rọ̀ lánàá. Ṣé ó dá mi lójú pé ológbò lásán ni? Ó ní ológbò tó bá dédé fi ilé sílẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Mo ní mà, ebi ni yóò rán an padà. Ó ní kí n má fi ṣeré, òun gbọ́ tó ń ké bí ọmọ ìkókó lóru. Inú ti ń bí mi bọ̀, àfi bí etí mi ṣe dìde. Ibo lẹ ti gbọ́ ọ, mà? Ó nawọ́ sí ilé tí wọn ò kọ́ parí lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa.

Aago méjì òru, èmi àti àbúrò mi wọ ibẹ̀. Ìdọ̀tí, koríko, pátákó tí wọ́n fi da dẹ́kìn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ pátákó. Ojú méjì tàn padà, ó ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo rí àyà funfun. Àdùkẹ́, orúnkún mi yẹ̀.

Òun ni. Ó wà láàyè. Mo jókòó sínú yanrìn, mo tú ẹja kalẹ̀, mo rọra ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ orí, ni àbúrò mi gun páànù, gbàù! Gómìnà wọlé pátápátá. A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀, kò jáde mọ́. Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti rí i pé mi ò lè máa di ẹ̀bi ru káfíńtà. Kó tó lọ ra ìṣó, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti ilẹ̀kùn onígi o." Mo ní mo gbọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni iná dé, mo sáré lọ tan ẹ̀rọ omi, mo gbàgbé. Èmi ni, Àdùkẹ́. Má bínú.

Wàyí o, wọ́n ti kéde pé Orò ń jáde lọ́jọ́rú, kí gbogbo obìnrin jókòó sílé. Òru òní àti òru ọ̀la ló kù mí kù. Àbúrò mi ní òun á lọ dípò mi lọ́jọ́rú, àmọ́ Gómìnà ò gba ti ọkùnrin. O rántí ohun tó ṣe fún ṣòkòtò ẹni yẹn.

Mo gbìyànjú oríkì tó o máa ń kì í láàárọ̀. Agolo mílíìkì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣíbí náà sì wà. Mo lù ú kó, kó, kó. Mo ní, "Gómìnà, ọkọ èkúté, a-rìn-lórí-òrùlé-má-ji-onílé..." ibẹ̀ ló ti tán lórí mi. Ó wò mí bí ẹni ń wo olè. Ó mọ agolo, ṣùgbọ́n ohùn mi kọ́ ló mọ̀ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ rèé. Ká ohùn rẹ sílẹ̀ fún mi. Wá agolo, bí o bá rí ti mílíìkì lọ́hùn-ún ó dára jù, ti tòmátì kì í dún bẹ́ẹ̀, Gómìnà á mọ̀. Kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bó o ṣe máa ń kì í tó o bá ń fún un lóúnjẹ. Má sáré. Má sì sunkún sínú rẹ̀, jọ̀ọ́, kó má sá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù níbí, ilẹ̀ lè má tíì ṣú lọ́dọ̀ rẹ. Mo ti gba iná sí fóònù, yóò wà lábẹ́ pátákó yẹn ní aago méjì.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́.

Má sọ fún Màmá o. Wọ́n béèrè rẹ̀ ní Sátidé. Mo ní ó ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.