Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí irun àgbọ̀n

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Birmingham o. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, mo sì rò pé ó sàn kí n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ lórí fóònù nígbà tí ọkọ àti ọmọ jókòó ti èèyàn.

O ní irun àgbọ̀n rẹ ń le sí i, àwọn tó ń ṣe laser, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń sun irun, sì ti ní bí o bá san owó ìgbà mẹ́fà pọ̀, àwọn á bá ọ dín in kù. Má tíì sanwó. Lọ bá dókítà rẹ ná, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé nǹkan oṣù rẹ ń fò, pé o sì ń sanra láìjẹun púpọ̀? Bí irun bá ń hù ní àgbọ̀n, láyà tàbí nísàlẹ̀ ìdodo obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò lọ déédéé, PCOS, àìsàn tí họ́mọ̀nù obìnrin kì í fi í lọ déédéé, ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ ní kíníìkì awọ ara sábà máa ń kọ́kọ́ fura sí. Họ́mọ̀nù tó pọ̀ lára ọkùnrin, tí díẹ̀ rẹ̀ wà lára gbogbo obìnrin, ló máa ń pọ̀ jù. Bí o bá sun irun lónìí, tí họ́mọ̀nù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, òmíràn á tún yọjú. Wọ́n lè fún ọ ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí à ń gbé mì, tàbí spironolactone, ṣùgbọ́n ẹni tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọ́dọ̀ lo èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn. Ó máa ń tó oṣù mẹ́fà kí ojú tó rí ìyàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni irun ṣàdédé bò ọ́ láàárín oṣù díẹ̀, tí ohùn rẹ náà sì ń kẹ̀, má fi falẹ̀ rárá.

Ìpara kan tún wà, eflornithine, tí ìtàn rẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi. Oògùn àrùn oorun ni, èyí tí eṣinṣin tsetse ń fà nílẹ̀ Áfíríkà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìyẹn ní 1990, kó tó wá di ìpara irun ojú obìnrin ní 2000. Kì í yọ irun o, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Ìgbà tí o bá fi í sílẹ̀, irun á padà sí bó ṣe ń hù tẹ́lẹ̀.

Bí o bá wá ṣì fẹ́ ṣe laser, orúkọ ẹ̀rọ ni kí o béèrè kí o tó béèrè owó. Àwọ̀ dúdú inú irun ni ìmọ́lẹ̀ laser ń wá lọ, ibẹ̀ ni yóò ti di ooru tí yóò pa gbòǹgbò. Àwọ̀ dúdú kan náà sì ló wà nínú awọ tiwa. Ẹ̀rọ Alexandrite tàbí IPL tó tu òyìnbó lára lè jó àwa, kó fi àpá sílẹ̀. Ẹ̀rọ Nd:YAG, tí nọ́ńbà ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1064, ló máa ń wọlé jìn láìjó òkè awọ púpọ̀. Bí ẹni tó fẹ́ tàn án sí ọ lójú kò bá mọ orúkọ ohun tó mú lọ́wọ́, gbé báàgì rẹ kí o máa lọ. Kí wọ́n dán an wò níbi kékeré kan ná. Má ṣe fa irun náà tu, má sì fi òwú yọ ọ́ ṣáájú, torí gbòǹgbò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Fífá kò burú. Irun tó ń hù lọ́wọ́ ni ooru yẹn ń pa, àwọn tó ń sinmi á yè é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn máa padà wá. Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún oníbàárà: lójú, laser máa ń mú kí irun àwọn obìnrin kan pọ̀ sí i ni, pàápàá àwọn tí PCOS ń bá fínra.

Bí irun náà kò bá ju ìwọ̀nba lọ, abẹ́rẹ́ oníná (electrolysis), tí wọ́n ń tì bọ gbòǹgbò irun kí iná lè pa á, ni màá mú ká ní èmi ni. Dókítà ojú kan ní St. Louis, Charles Michel, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1875, nígbà tó ń yọ irun ìpéǹpéjú tó ń gún àwọn aláìsàn rẹ̀ lójú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ ọ́, ó ń dunni, ó sì ń gba àkókò. Ṣùgbọ́n ó ń mú irun funfun, èyí tí laser kò lè rí, òun nìkan sì ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n pè ní àyọlọpátápátá. Dídínkù ni wọ́n fún laser láyè láti ṣèlérí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó ní fífá ló sọ ọ́ di líle, jẹ́ kí wọ́n sinmi. Láti 1928 ni Mildred Trotter, onímọ̀ ẹ̀yà ara kan ní Amẹ́ríkà, ti fi ìwádìí hàn pé fífá kì í mú irun nípọn, kì í sì í mú un yára. Orí tí abẹ gé ló ń dà bíi kùkùté, òun ló ń gúnni lọ́wọ́. Ẹjọ́ tiwa ni pé irun wa máa ń ká: bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ jù, á yí padà wọnú awọ, á wú, ojú ibẹ̀ á dúdú. Fá a lẹ́yìn tí o bá wẹ̀ tán, kí abẹ máa lọ síbi tí irun dojú kọ, má sì fa awọ le. Bí ojú ibẹ̀ bá ti dúdú, jọ̀ọ́, má lọ ra ìpara abóra sí i.

Ní ti abíyá, ṣúgà tí a fi omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ sè títí á fi pọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ó ṣáà tutù díẹ̀ kí o tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Páúdà olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń pò mọ́ àgbọ̀n, má gbé e débi ìsàlẹ̀ rárá, á bó ọ. Níbẹ̀ yẹn, sáàsì tí o bá fi gé e mọ́lẹ̀ ti tó lójú tèmi, àmọ́ mo mọ̀ pé Alhaja tiyín kò ní gbà, àwọn tí wọ́n máa ń rán wa létí pé kò gbọ́dọ̀ kọjá ogójì ọjọ́ kéèyàn tó fá a!

Pe dókítà lọ́la, kí o sì fi èsì ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ìyá mi ní kí n bi ọ́ ìgbà tí o ń bọ̀ nílé.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́