Sí Àkànní, lórí òdo tó gbà

Àkànní ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lóru àná tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e fún ìyá rẹ. O ní bọ́ọ̀lù kejì tí wọ́n jù sí ọ lo fẹ́ gbá kọjá ààlà, ló bá gba àárín báàtì àti ẹsẹ̀ rẹ kọjá, ó wó igi àárín tí o ń ṣọ́, wọ́n sì lé ọ jáde. Òdo, láìní rọ́ọ̀nù (àmì ayò) kankan, ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí o máa bá ẹgbẹ́ àgbà gbá. O ní nígbà tí o ń rìn padà bọ̀, ńṣe ni pápá náà ń gùn sí i, àti pé ẹni tí wọ́n jọ mú yín lọ́jọ́ kan náà gbá ogójì. Ó dùn mí fún ọ. Àmọ́ ohun tó gbé mi dìde lórí ìjókòó ni gbólóhùn tí o fi parí rẹ̀, pé o fẹ́ bẹ olùkọ́ yín kó dá ọ padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, níbi tí o ti ń gbá àádọ́ta láìlàágùn.

Má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí tán ná. Ó máa gùn díẹ̀, o sì mọ bàbá rẹ, mi ò lè báni wí kí n má fi ìtàn sí i.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, Ireland tí kì í fi bẹ́ẹ̀ borí ni mo yàn láàyò. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí.

Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni ICC, àjọ tó ń ṣàkóso kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, gba Ireland àti Afghanistan wọlé sáàárín àwọn àgbà. Mẹ́wàá péré ló wà nínú ilé náà tẹ́lẹ̀, láti ọdún 2000 tí wọ́n sì ti ṣílẹ̀kùn fún Bangladesh, wọn ò tún ṣí i fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá wọlé níbẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá Test, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún tí kò sí ibi téèyàn lè fi àléébù rẹ̀ pamọ́ sí. Nínú T20, eré kúkúrú tó ń parí láàárín wákàtí díẹ̀, oríire lè gbé ọ délé. Nínú Test, oríire ti máa ń sùn lọ kó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì.

Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún 1969, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Sion Mills, Ireland lé gbogbo West Indies, ẹgbẹ́ àwọn erékùṣù Kàríbíà tó wà lára àwọn àgbà, jáde lórí rọ́ọ̀nù 25 péré. West Indies o! Bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn, GAA tó ń bójú tó àwọn eré ìbílẹ̀ Ireland ṣì fòfin de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbá eré àjèjì, kíríkẹ́ẹ̀tì sì wà lára rẹ̀, torí eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà á sí. Ọdún 1971 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn. Ọdún 1993 ni ICC tó gbà wọ́n sí ipò kékeré, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n sì fi wọ́n jókòó sí. Ní 2007, lọ́jọ́ ọdún Patrick Mímọ́, wọ́n na Pakistan ní Jamaica nínú ìdíje Ife Àgbáyé, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn, ìsinmi ni wọ́n gbà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fi débẹ̀. Ní 2011, ní Bengaluru, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá 327. Kevin O'Brien, ọmọ Ireland, wá jáde tòun ti irun tó kùn ní àwọ̀ pínǹkì, ó gbá ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 50, Ireland sì borí. Mo rò pé gbogbo ilé ló gbọ́ igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà.

Ṣé o rí i pé wọ́n ti na àwọn àgbà níta kí wọ́n tó ní kí wọ́n wọlé? Mo sọ èyí torí o kọ ọ́ pé bóyá àṣìṣe ni wọ́n fi mú ọ. Àádọ́ta tí o ń gbá lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kì í ṣe àlá, ojú olùkọ́ yín ló ṣe. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù lókè ló yàtọ̀.

Wá wo bí ọjọ́ oyè ṣe rí. Oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni, ní Malahide lẹ́bàá Dublin, Pakistan ló wá bá wọn gbá Test àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ti ń retí láti ìgbà ayé àwọn bàbá wọn, òjò ló fi gbogbo rẹ̀ jẹ. Ẹnikẹ́ni ò ju bọ́ọ̀lù kan. Nígbà tí òjò dá tí ó wá kan Ireland láti gbá, wọn ò tíì ní rọ́ọ̀nù mẹ́wàá tí wọ́n ti lé ẹni mẹ́rin jáde. Ẹni mẹ́rin! 130 ni gbogbo wọn rí kó jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú Test, Pakistan wá ní kí wọ́n padà wá gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ padà lọ tún ilẹ̀ gbá torí èyí tó gbá tẹ́lẹ̀ ò mọ́.

Kevin O'Brien náà ló tún dìde. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa, nítorí bí o bá wo fídíò rẹ̀, o lè rò pé ẹlòmíì ni. Kò gbé bọ́ọ̀lù sókè, kò bá ẹnikẹ́ni figa gbága. Ọkùnrin tó gbá ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 50 lọ́dún 2011, bọ́ọ̀lù tó ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ ló dúró dè lọ́jọ́ yìí kó tó pé ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá ń lọ síta, á gbé báàtì rẹ̀ sókè, á fojú sìn ín títí yóò fi kọjá. Èyí tó bá kọjú sí igi, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní wákàtí dé wákàtí, títí tó fi di ẹni àkọ́kọ́ tó gbá ọgọ́rùn-ún fún Ireland nínú Test. 118 ló wà tí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ọjọ́ karùn-ún, kò fi ẹyọ kan kún un tí wọ́n fi lé e jáde. Pakistan nílò 160 láti borí. Kí wọ́n tó gbá ju 14 lọ, Ireland ti lé ẹni mẹ́ta nínú wọn jáde, èmi náà sì ti dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n. Pakistan ló padà borí.

Ohun tí O'Brien fi wọlé kọ́ ló fi gbé inú ilé, Àkànní. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ, bọ́ọ̀lù kejì, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ààlà lo fẹ́ gbá a kọjá. Ta ló rán ọ níṣẹ́?

Jẹ́ kí n fi ti Lord's, pápá ńlá kan ní London, kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2019 ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ní pápá kan náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba Ife Àgbáyé, Eoin Morgan ọmọ bíbí Dublin sì ni balógun wọn. Ireland wá bá wọn níbẹ̀. Kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ti lé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde lórí rọ́ọ̀nù 85. Tim Murtagh nìkan lé márùn-ún lọ, rọ́ọ̀nù 13 péré ni wọ́n sì rí gbá lára rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ lórí fóònù, mo ní ayé ti yí padà. Lọ́jọ́ kẹta, Ireland nílò 182 láti borí. 38 ni wọ́n gbá. Kì í ṣe pé ó ku 38 o, 38 ni àròpọ̀ rẹ̀. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì lọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ìyá rẹ ṣì máa ń fi ìyẹn bú mi dòní.

Ní ti Morgan, mi ò mọ̀ bóyá mo ti dárí jì í tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Ireland ò tíì lè gbá Test nígbà náà, ọkùnrin tó bá fẹ́ gbá a gbọ́dọ̀ lọ ibi tí wọ́n ti ń gbá a. Ed Joyce, ọmọ Ireland mìíràn, náà lọ. Nínú Ife Àgbáyé 2007, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbá fún, ó tilẹ̀ dojú kọ àwọn ará ilé rẹ̀. Ó padà wá nígbà tó yá, ó sì dúró. Ẹni ọdún 39 ni nígbà tó wọ aṣọ funfun ní Malahide, Test kan ṣoṣo yẹn ló gbá, ó sì fẹ̀yìn tì. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí ọ̀rẹ́ rẹ tó fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ síbòmíì, tí o ò kí mọ́. Máa kí i.

Oyè wá dé, àsè ò dé. Lẹ́yìn Lord's, títí di oṣù Kẹrin ọdún 2023, Ireland ò gbá Test kankan. Àìsàn Kòrónà wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ni ọ̀ràn gan-an, torí gbígbàlejò Test ń ná wọn ní owó tí kì í padà wọlé. Ife Àgbáyé tí wọ́n ti fi gbayì, wọ́n dín àwọn tó ń kópa kù sí mẹ́wàá ní 2019, Ireland ò sì rí ibẹ̀ wọ̀. Wọn ò rí ti 2023 wọ̀ náà. Èmi gbà pé ìwà ọ̀kánjúwà ni dídín tí wọ́n dín in kù yẹn, mi ò sì ní yéé sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn ò jókòó máa ráhùn. Láti 2013 ni wọ́n ti dá ìdíje sílẹ̀ láàárín àwọn ẹkùn wọn, kí ọ̀dọ́ lè rí ibi kọ́ eré ọlọ́jọ́ gígùn nínú ilé. Wọ́n ń gbá a lọ, yálà àwọn èèyàn ń wò tàbí wọn ò wò. Wo Kenya tó dé ìpele mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú Ife Àgbáyé 2003, tí gbogbo wa rò pé òun ló kàn. Kò gba Test rí, nígbà tó sì fi máa di 2014, àyè tó ní nínú eré ọlọ́jọ́ kan pàápàá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ tó gbá ogójì ló kù. Afghanistan àti Ireland jọ gba oyè lọ́jọ́ kan náà ni. Ọjọ́ méjì ni Íńdíà fi pa Afghanistan nínú Test àkọ́kọ́ wọn ní 2018, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún ni o! Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní 2019, wọ́n borí. Ta ni wọ́n nà? Ireland. Bí Ireland bá fi ti Afghanistan wo ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Bangladesh gbá Test 34 láìborí, ẹlẹ́ẹ̀karùndínlógójì ni wọ́n tó borí. New Zealand fi ọdún 26 wá ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ wọn, láti 1930 títí di 1956.

Ìṣẹ́gun ti Ireland dé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, ní Abu Dhabi, nínú Test ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ wọn. Afghanistan náà ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. 111 ni wọ́n nílò. Afghanistan yára lé ẹni mẹ́ta nínú wọn jáde, ọkàn mi ti ń padà sídìí abọ́ fífọ̀, àmọ́ Andrew Balbirnie tó jẹ́ balógun dúró síbẹ̀, ó gbá 58, wọn ò sì rí i lé jáde tí eré fi parí. Kò pariwo. Ó wọnú ilé bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Má padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Lọ bá olùkọ́ yín, kì í ṣe láti bẹ̀bẹ̀, sọ fún un pé kó ju bọ́ọ̀lù ogún sí ọ lójoojúmọ́, tó máa gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá síta, kí o má sì fi báàtì kan ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ogún. Máa kà á. Ó máa sú ọ ní ọjọ́ kẹta, pè mí lọ́jọ́ náà. Bí o bá tún jáde láti gbá, fún bọ́ọ̀lù ọgbọ̀n àkọ́kọ́, gbàgbé pé ààlà wà.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa sùn lásìkò. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà kí ọ. Bí ẹ bá gbá tán ní Sátidé, fi iye tí o gbá ránṣẹ́ sí mi kí o tó bọ́ bàtà, ì báà jẹ́ òdo.

Èmi ni bàbá rẹ.