Ẹ má lé ọdẹ kúrò nínú igbó, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ iná àti ilẹ̀ ṣe

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan.

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé kan nínú ìwé ìròyìn yín tó ní kí ìjọba kúkú fòfin de ọdẹ ṣíṣe pátápátá torí pé ẹran ìgbẹ́ ti ń tán, mo sì mọ̀ pé ire ló ń rò. Òótọ́ ni pé ẹran ń tán, ẹni tó bá ti ń gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí ọjọ́ pẹ́ á mọ̀ pé ẹran tí àwọn ìyá ẹlẹ́ran ìgbẹ́ máa ń nà sókè fún onímọ́tò kò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Àmọ́ ibi tó gbé ẹ̀bi sí ni mi ò bá a lọ. Ilé ọdẹ ni wọ́n ti tọ́ mi, èmi náà ń dẹ̀gbẹ́, mo tún ń dáko sí i, ohun tí ojú mi sì rí ni pé ìbọn nìkan kọ́ ló ń pa ẹran tán, ibi tí ẹran máa gbé gan-an ló ń lọ. Igbó là ń kọ́kọ́ pa, ká tó kan ẹran inú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí iná. Ní Òkè-Ògùn wa, tí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo èèyàn ló ń dáná: àgbẹ̀ fẹ́ ṣán oko tuntun, darandaran fẹ́ kí koríko tútù hù fún màlúù ẹ̀, ẹni tó lọ fín oyin ju ògùṣọ̀ sílẹ̀ kó tó máa lọ, àwa ọdẹ náà sì ń sun igbó kí ẹran lè sá jáde, mi ò ní purọ́ lórí ìyẹn. Iná fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá o, ìgbà tá a dá a lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá sun ún lóṣù kọkànlá sí ìkejìlá tí omi ṣì wà lára koríko díẹ̀, iná yẹn á máa rọra jó ni, á jó ibí á fo ọ̀hún, ibi tó fò yẹn lẹran máa sá sí, ibi tó jó náà á sì rú ewé tútù torí ilẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Tó bá wá di oṣù kejì sí ìkẹta tí gbogbo ẹ̀ ti gbẹ táútáú tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí iná ọ̀hún máa dúró, á jó igi láti ìdí dé orí, á jó ẹyin ẹyẹ tó yé sílẹ̀, á jó ahun tí ò lè sáré, á wá wọ oko kaṣú ẹni ẹlẹ́ni, owó ilé ìwé ọmọ sì nìyẹn tó ti jóná.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lásán ni mò ń sọ. Ní igbó ọba Olókemèjì láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1899, àwọn onímọ̀ igbó pín ilẹ̀ sọ́nà mẹ́ta ní 1929. Ìkan, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún, ìkejì, ó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó sun ún, ìkẹta, wọn ò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, èyí tí iná ò kàn ti ń di igbó dídí, èyí tí wọ́n ń sun níparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di ọ̀dàn gbalasa, koríko ló gba gbogbo ẹ̀, èyí tí wọ́n ń sun níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wá wà láàárín àwọn méjèèjì, igi wà ńbẹ̀, koríko wà ńbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà o, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Ibi tí igi àti koríko ti pàdé yẹn sì ni ìgalà fẹ́ràn jù, torí ewé ló ń jẹ, ó sì fẹ́ ibi tó máa fara pamọ́ sí ní ọ̀sán. Ó dùn mí pé Olókemèjì yìí ò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan dárúkọ ẹ̀ ní mítíìnì àgbẹ̀ tàbí ti ọdẹ kankan tí mo lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì: àwọn kan ní kí ọdẹ máà pa abo mọ́, kó máà pa aláboyún. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ẹni tó bá ti dẹ ìgbẹ́ òru rí mọ̀ pé ojú ẹran ló ń dán nínú tọ́ọ̀ṣì, òun náà lèèyàn ń yìnbọn sí, ìgbà téèyàn bá débẹ̀ tó gbé e sókè ló tó máa mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. Tàkúté tiẹ̀ wá burú jù, kò mọ ọmọdé kò mọ àgbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ibi ló yẹ ká máa ṣòfin lé lórí, ká ní láti odò yìí dé orí àpáta yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sun ún, kí ẹran máa bímọ síbẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù á jáde bọ́ sí ibi tá a ti lè dẹ ẹ́. Tá a bá wá ń dẹ gbogbo ilẹ̀ pátá láìku ibì kan, kí ló yàtọ̀ sí àgbẹ̀ tó jẹ èbù iṣu ẹ̀ tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn?

Ẹran náà ò dọ́gba. Ọ̀yà á lóyún bí oṣù márùn-ún, ó sì lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, tí eèsún bá ṣáà wà fún un á tètè padà pọ̀. Ìgalà á lóyún oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ló máa bí. Akika náà, ẹran onípẹ̀ẹ́ tí òyìnbó ń pè ní pangolin, ọmọ kan ni, kì í tiẹ̀ sáré, tó bá ti rí èèyàn á ká ara ẹ̀ jọ, ọmọdé á sì gbé e sínú àpò láìlo ìbọn. Láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ní kí wọ́n máà fi akika ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì mọ́, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń wọ abúlé wá ra ìpẹ́ ẹ̀. Mo bẹ àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ, ẹ fi akika sílẹ̀, kò sí bá a ṣe fẹ́ sọ pé ebi ló ń pa wá lórí èyí.

Yíya igbó sọ́tọ̀ kì í sì í ṣe àṣà òyìnbó. Ṣebí igbó Òṣun wà ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, àjọ àgbáyé UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005, a kì í dẹ ẹ́, a kì í pẹja inú odò ẹ̀, ọ̀bọ ṣì ń fò kiri lórí igi ńbẹ̀ títí dòní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá. Abúlé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni ò ní igbó orò tàbí igbó kan tí wọn kì í dá lóko nígbà kan? Tirakítọ̀ ti wọ púpọ̀ nínú wọn, ṣéènsọ́ọ̀ àwọn tó ń sun èédú ti wọ ìyókù. Ọ̀rọ̀ èédú yẹn tó lẹ́tà mìíì lọ́tọ̀, igi ayin àti igi ẹ̀mí tó ti lo ọjọ́ ayé bàbá èèyàn ni wọ́n ń gé.

Àwọn kan á ní ṣebí a ní pàákì Ọ̀yọ́-Ilé, ó ti di ti ìjọba àpapọ̀ láti 1991, ó sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Inú mi dùn sí pàákì yẹn. Àmọ́ ẹran ò mọ ààlà, tó bá tẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ tó bọ́ sórí ilẹ̀ tá a ti sun kanlẹ̀, ikú ló pàdé, ọmọ abúlé tí ò sì rí èrè kankan níbẹ̀ á máa wo pàákì bí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Ní Nàmíbíà, ọdún 1996 ni wọ́n ṣòfin pé àwọn ará abúlé tó bá kóra jọ, tí wọ́n fi ààlà sí ilẹ̀ wọn, lè máa bójú tó ẹran ibẹ̀ kí wọ́n sì máa jèrè ẹ̀, ọdẹ wọn ló wá di ẹni tó ń ṣọ́ ẹran. Kí ló dé tá ò lè ṣe irú ẹ̀? Àwa tá a ní Olúọdẹ, tá a ní Aṣípa, tí ẹgbẹ́ ọdẹ ń ṣèpàdé ní gbogbo ìlú. A ṣì ń kì ẹfọ̀n nínú ìjálá, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbe ìjálá yẹn ò fojú rí ẹfọ̀n rí láyé ẹ̀!

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò wọ́n owó. Kí àwọn alága lọ́kà gọ́fúmẹ́ǹtì Òkè-Ògùn pe Baálẹ̀, Olúọdẹ, olórí àwọn Fúlàní àti àwọn àgbẹ̀ jọ lóṣù kẹsàn-án, kí ọyẹ́ tó dé, kí abúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ibi kan tí wọn ò ní dẹ fún ọdún mẹ́ta, kí igi etí odò wà ńbẹ̀, kí àwọn tó ń dá àkùrọ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n sì má fọn oògùn apakoríko débẹ̀. Kí wọ́n fẹnu kò lórí ọjọ́ tí iná máa parí, tó bá ti kọjá ìparí oṣù kejìlá, kí ẹgbẹ́ ọdẹ mú ẹni tó bá dá a, kódà kó jẹ́ ọdẹ.

Ẹ̀yin Olóòtú, tẹ́ ẹ bá lè rán akọ̀ròyìn yín kan lọ sí Olókemèjì kó lọ bá wa wo ibẹ̀, kó wá kọ ọ́ ní Yorùbá, èmi fúnra mi á gbé ìwé ìròyìn yẹn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ wa, máa sì kà á sí wọn létí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọmọ ọdẹ láti Òkè-Ògùn