Àṣàkẹ́, láìsí eérú, aró kò ní mú

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ò mú ọ jù? Àlàáfíà la wà níbí, àfi òrùn tó ń lé wa kiri bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Àbúrò rẹ ló kọ́kọ́ fi sí mi létí nínú ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ mi, ariwo ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ tán. Ìgbà tí gbogbo ilé sùn ni mo tún un gbọ́. O ní ìmísí ti gbẹ. O ní bí eérú ni Manchester rí láti òwúrọ̀ dalẹ́: ojú ọ̀run eérú, títì eérú, ẹ̀wù òtútù àwọn èèyàn náà eérú. O ní o ti wo àwòrán lórí Pinterest títí ojú fi ń ta ọ́, síbẹ̀ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ ń yà ló jọ ti ẹlòmíràn. O wá bi mí pé, "Màámi, níbo lẹ̀yin ti ń rí tiyín?"

Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, nítorí mo mọ̀ pé o máa ń gbọ́ ohùn mi bí o bá ń dáná. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí àbúrò rẹ sì bá mi tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣi àmì sórí ọ̀rọ̀ kan, òun ni kí o bá wí.

Ẹ jẹ́ ká tinú eérú yẹn bẹ̀rẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé iṣẹ́ tí eérú ń ṣe nínú ilé wa ni? Màmá àgbà gún ewé ẹ̀lú, ó ṣù ú bíi bọ́ọ̀lù, ó sá a gbẹ lórí páànù. Bí o bá kó ẹ̀lú yẹn dà sínú omi kànga lásán, orí omi ló máa léfòó sí, kò ní fún ọ ní aró kankan. Ó dìgbà tí wọ́n bá sẹ́ eérú. Ìkòkò kan tí wọ́n lu nídìí á jókòó lórí ìkòkò kejì, eérú á wà nínú tòkè, omi á máa kán sísàlẹ̀, tó, tó, tó, á pupa bíi tíì tí kò ní mílíìkì, á máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Màmá á fi ìka kàn án, á fi lá a, á tutọ́ dànù, á ní, "Kò tíì tó." Omi eérú yẹn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú sí, nígbà mìíràn á tó ọjọ́ méje, á máa rùn débi pé àlejò á béèrè bóyá ẹran kan kú sílé wa.

O rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá wá fa aṣọ yọ. Ìwọ lo máa ń sáré wá jókòó ti ìkòkò. Aṣọ náà kì í dúdú nígbà tó bá ń jáde. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí ewé gbúre tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, aró á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti etí aṣọ, á máa lé àwọ̀ ewé náà lọ sáàárín, títí ibi tó kù á fi tó àtẹ́lẹwọ́, títí kò fi ní sí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́, o ní, "Màámi, aṣọ yìí ń jí." Mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí o mọ̀ nípa ìlú tí o ń bú yẹn. Aṣọ funfun tí ìyá ìyá mi ń ya ẹ̀kọ sí kí aró má baà wọ ibẹ̀, tó wá ń rẹ láró, ọjà Manchester ni. Nígbà yẹn, ilé òwú ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ ló ń hun ún, ọkọ̀ ojú omi á kó o wá sí Èkó, rélùwéè á gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Funfun báláú, pẹlẹbẹ, láìní ọnà kankan lára. Àwọn ìyá wa ò jókòó máa ráhùn pé aṣọ Òyìnbó ò ní àwọ̀. Wọ́n se ẹ̀kọ láfún, wọ́n mú ìyẹ́ adìyẹ, wọ́n kó ohunkóhun tí ojú wọn rí lé e lórí.

Mo sọ pé ohunkóhun, mi ò ṣàwàdà. Wo Ìbàdàndùn, ọnà àdìrẹ àwọn ìyá wa kan. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó, ilé ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sórí òkè n'Íbàdàn pẹ̀lú òpó gbàgbàràgbà níwájú rẹ̀. Àwọn aláàdìrẹ wò ó, wọ́n ya òpó náà sára aṣọ. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi sáàárín òpó kan sí èkejì? Ṣíbí! Ṣíbí ìjẹun. Àṣàkẹ́, ta ló sọ fún wọn pé òpó ilé ìjọba àti ṣíbí bá ara wọn mu? Lójú tèmi, ẹ̀rín ló sọ fún wọn. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ yà á, ó fi han ìyàwó ilé kejì, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀kọ nù. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ: Ìbàdàn dùn. Ní 1935, tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, wọ́n gbé òun àti ayaba rẹ̀ náà sórí aṣọ, wọ́n pè é ní Olóba. Bí mo bá wo ọba Gẹ̀ẹ́sì yẹn lára àdìrẹ, bí baálé kan ní Ìjemọ̀ tó ń dúró de oúnjẹ ló ṣe máa ń jọ lójú mi.

Nítorí náà, bí o bá ní ìmísí gbẹ, mi ò gbà. Ohun tí o ń ṣe ni pé oúnjẹ tí àwọn ẹlòmíràn ti sè ni o ń wò kiri, o wá ń bínú pé ìdáná tìrẹ ò rùn.

Mi ò ní kí o má wo fóònù o. Èmi náà ń wò ó, ẹ ò lè mú mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá, mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn kí ọkàn rẹ má baà bàjẹ́. O mọ bátànì lékèélékèé mi, tí mo gé sí fóòmù fúnra mi, tí ọ̀bẹ yẹ̀ níbi ìyẹ́ òsì tó fi dà bí ẹni pé eku jẹ ẹ́ níbẹ̀. Mo ń kọjá lọ́jà, mo rí i lára aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, yáàdì kan ò tó ìdajì iye tí mo ń ta tèmi. Mo fà á sún mọ́ ojú. Ibi tí ọ̀bẹ ti yẹ̀ wà níbẹ̀, lára gbogbo ẹyẹ tó wà lára aṣọ náà, ìyẹ́ òsì, bákan náà látòkè délẹ̀. Wọ́n kó àṣìṣe mi mọ́ ọn! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jà, mo délé mo sunkún. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí o fi ọwọ́ rẹ da iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ, ì báà jẹ́ ẹni tí kò ní mọ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kàn. O máa ń kọ ọ́ sí mi pé "green", "blue", "grey". Má kọ ọ́ sí mi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ewé wo? Ewé kókò, àbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú, àbí ẹ̀fọ́ tó ti sùn mọ́jú nínú apẹ̀rẹ̀? Inú ìkòkò aró kan ṣoṣo la ti ń rí òféèfèé tí aró rẹ̀ fúyẹ́, àyìnrín tó jìn jù ú lọ àti dúdú, bí a bá ṣe rì í tó ló wà. Àwọn àgbà wa pín àwọ̀ fún ẹyẹ bí ẹni pín ogún: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Àwọn ahunṣọ wo ẹtù nínú oko, wọ́n hun ún, wọ́n sì fi orúkọ ẹyẹ náà pe aṣọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí lékèélékèé bá ń fò kọjá, gbogbo wa á na ọwọ́ sókè pé kó fún wa ní funfun sí èékánná. Bí a bá rí àmì kékeré kan lọ́jọ́ kejì, inú wa á dùn. Lọ́jọ́ wo lo na ọwọ́ sí ẹyẹ kan gbẹ̀yìn? O ní ẹyẹlé pọ̀ níbẹ̀ bí ìdọ̀tí, eérú ni wọ́n. Jọ̀ọ́, tẹ̀ lé ọ̀kan, kí o wo ọrùn rẹ̀ nígbà tó bá yí orí. Bí kò bá jẹ́ pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò ń bá ara wọn jà níbẹ̀, kí o pe èmi ní òpùrọ́.

Bàbá rẹ tó jẹ́ ọmọ Ìlaró á ní kí n má gbàgbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n sì jàre. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ọkùnrin tó múra bí obìnrin, tó pọn ère ọmọ sẹ́yìn, tó wá gbé igi gbígbẹ́ sórí. Kí ló wà lórí igi náà? Ejò tó ń gbé nǹkan mì, ìyá tó ń ta ọjà, ọ̀kadà, ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn ìyá ni wọ́n fi ń bọlá fún, ọ̀rọ̀ ńlá ni, síbẹ̀ gbogbo agbo ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rí i nínú iṣẹ́ rẹ pé bí o bá fẹ́ kó nítumọ̀, o máa ń fa ojú rẹ̀ ro.

Ẹ̀bi mi náà wà nínú ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí o ya ewúrẹ́ kan tó wé gèlè, tó fi báàgì há abíyá, tó ń lọ sí òde ìgbéyàwó. Ewúrẹ́! Tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ pa á jẹ, tó tún múra lọ. Mo ní kí o lọ ka ìwé ìṣirò rẹ. Mo fi bébà náà dáná tí mo fi yọ́ àbẹ́là tí mo fẹ́ fi ṣe àdìrẹ lọ́jọ́ yẹn. O ò sunkún, o kàn wò mí. Láti ìgbà yẹn, ẹranko tí o bá yà kì í wọṣọ mọ́. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi. Bí ewúrẹ́ yẹn bá ṣì wà lórí rẹ, wé gèlè fún un padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Pa kọ̀ǹpútà tì. Mú àwọ̀ méjì péré, dúdú aró àti funfun bébà, kí o má fi kẹta kún un títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Mo ti fi ìyẹ́ adìyẹ mẹ́ta fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bọ̀, bù ú bọ inki, ọwọ́ rẹ ò ní lè ya ìlà tó gún gẹ́gẹ́, ohun tí mo sì ń fẹ́ nìyẹn. Whitworth, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà tó wà ní Oxford Road, kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ló sì kún ìpamọ́ wọn. Béèrè lọ́wọ́ wọn bí o ṣe lè rí èyí tí wọn kò so mọ́ ògiri. Má ya fọ́tò. Wò ó, jáde, jókòó síta, kí o wá ya èyí tí o bá rántí. Ibi tí o bá ti gbàgbé, tí o fi tìrẹ dí i, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rí.

Èyí tó ku, tó ń jẹ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí: nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ níbi tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ti dúró, garawa ìdọ̀tí kan wà lẹ́yìn yín. Mo fi ìka fẹ̀ ẹ́, mo rí oyin lára rẹ̀. Kòkòrò oyin! Mo ní kí àbúrò rẹ bá mi wádìí. Ó ní láti 1842 ni oyin ti wà lára àmì ìlú yín, méje ni wọ́n, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọn kì í jókòó. Ó tún fi bọ́ọ̀sì yín hàn mí, pupa rúsúrúsú bíi dáńfó. Ìwọ ọmọ yìí! O ń gbé ìlú tó ya kòkòrò sára garawa ìdọ̀tí, o wá ń sọ fún mi pé eérú ni.

Ya oyin náà fún mi. Bó bá wé gèlè, bó bá gbé garawa ìdọ̀tí lérí bí alábàárù, bó bá wà láàárín ṣíbí méjì, mi ò bá ọ dá sí i. Fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Mo ti ra fóòmù, mo ti pọ́n ọ̀bẹ, aṣọ yáàdì mẹ́wàá sì wà nílẹ̀ tí mo fi pamọ́ fún un. Orúkọ ló kù. Àbúrò rẹ ní ká pè é ní Manchester-dùn. Mo ní ká ní sùúrù, ìwọ tó ń gbé ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ bi bóyá ó dùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màámi.