Ẹ má fi orúkọ ẹ̀ka ti ilẹ̀kùn kọ́ọ̀sì ìṣúná

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣúná ní yunifásítì wa ṣe ń sé kọ́ọ̀sì wọn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka wọn.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mò ń kọ́, mo sì wà ní ọdún kẹta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan lórí bí a ṣe ń díye lé ìpín ìdókòwò àti bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ nọ́ńbà kọ́ọ̀sì náà sórí pọ́tà ìforúkọsílẹ̀ lórí ayélujára, èsì tí mo rí ni pé ọmọ ẹ̀ka nìkan ló wà fún. Olùdámọ̀ràn mi ní kí n mú fọ́ọ̀mù lọ bá olórí ẹ̀ka wọn kí ó buwọ́ lù ú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, tí etí fọ́ọ̀mù fi ká kò. Ní ọjọ́ kẹrin, akọ̀wé dá a padà láìsí ìbuwọ́lù, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwọn yó ná. Kí wọ́n tó yó, pọ́tà ti tì.

Mi ò sọ pé wọn kò ní àwíjàre. Olùkọ́ kò tó, bí akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn bá sì pàdánù kọ́ọ̀sì tó pọn dandan, ó lè fi odindi ọdún kan ṣòfò. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì náà kọjá nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, àga mẹ́rìnlá ni mo kà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé orúkọ ẹ̀ka ni wọ́n fi ń wo ẹni tó yẹ, kì í ṣe ohun tó ti kọ́. Ṣíṣírò owó tí yóò wọlé lọ́dún mẹ́wàá sí i padà sí iye tó jẹ́ lónìí, èlé orí èlé tí a yí sẹ́yìn ni, a sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún kìíní kí a tó gbọ́ pé ìṣúná ló ń jẹ́. Lóòótọ́, n kò mọ ìwé ìṣirò owó iléeṣẹ́ kà dáadáa. Bí wọ́n bá ní kí n kọ́kọ́ yege nínú kọ́ọ̀sì ìṣirò owó ti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní janpata.

Nínú CCMAS, ìyẹn ìlànà ohun tí yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní sáà 2023/2024, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ ni NUC là kalẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ni ìdá 30 tó kù. Kò sí ohun tó ní kí ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì yunifásítì wa máa dúró de NUC ní Àbújá kí wọ́n tó ṣí àga tó bá ṣẹ́kù sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì fún ẹnikẹ́ni tó ti yege nínú kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá sì fẹ́ gba ènìyàn, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù náà kí pọ́tà tó tì, kí onítọ̀hún lè tètè wá kọ́ọ̀sì mìíràn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ọdún kẹta,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.