Kì í ṣe òjò ló ń pa kébù iná wa

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Bí kébù abẹ́ ilẹ̀ bá ti jó ládùúgbò wa ní Lafiaji, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á so ó, wọ́n á ní òjò ni. Ìyá ẹlẹ́ja iwájú ilé wa ti da ẹja nù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Oníṣẹ́ iná ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mo sì mọ̀ pé òjò kàn bá kébù yẹn níbi tó ti ń kú lọ ni.

Ọ̀rá líle kan tá à ń pè ní XLPE ni wọ́n fi ń bo wáyà inú kébù onífólítì 11,000. Ó lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n bí ihò tíńtín bá kù sínú rẹ̀, tàbí tí afẹ́fẹ́ há sínú jọ́ìntì, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti so kébù pọ̀, tí wọn ò ṣe dáadáa, ibẹ̀ ni ikú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bíi fólítì 3,000 péré ti tó láti la mìlímítà afẹ́fẹ́ kan já, agbára iná sì máa ń pọ̀ nínú ihò náà ju inú ọ̀rá tó yí i ká lọ. Mànàmáná kíún á wá máa kọ níbẹ̀. Iná inú wáyà ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ti ń lọ tó ń bọ̀ ni mànàmáná náà ń kọ, tọ̀sán tòru, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń jẹ ọ̀rá náà, ó ń sọ ọ́ di èédú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ya ẹ̀ka. Igi làwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀ka yìí, ó sì jọ igi lóòótọ́. Ọjọ́ tí igi náà bá la ọ̀rá já ni kébù ń bú gbàù.

Ti wáyà orí òpó ṣì sàn. Bí ìrì bá sẹ̀ sára iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun fi lẹ̀ ẹ́ lára, a máa ń gbọ́ mànàmáná náà tó ń kùn lóru. Ti abẹ́ ilẹ̀, etí kò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ wà, kò sì dìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú kòtò tí omi wà ni wọ́n ti so kébù wa. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbọ́n omi náà kúrò, wọn ò dá mi lóhùn. Irú jọ́ìntì tí wọn ò ṣe dáadáa tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn wá sórí jọ́ìntì náà kí òjò tó tún dé.

Oníṣẹ́ iná tó ti fẹ̀yìn tì,
Lafiaji, Erékùṣù Èkó.